Ó mọ àgbò wa láàárín agbo, àmọ́ ó ní àwọn yòókù kì í ṣe àgbò

Ìyá Sàlíù, Ìlọrin:
Màmá Tóbi, ọ̀rọ̀ ife yín, pé ife kan ṣoṣo ni Tóbi gbà ní ife, ló mú mi dá sí i. Ti Sàlíù ọmọ mi, tó ní autism (ọpọlọ ẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíì), àgbò ni.

Iléyá tó kọjá, wọ́n so àgbò bíi mélòó kan sí agboolé wa ní Òkèlele, gbogbo wọn funfun, ìwo wọn ò yàtọ̀. Okùn já, wọ́n dà pọ̀, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Sàlíù kàn wọ àárín wọn, ó di ọ̀kan mú létí. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé etí náà ya díẹ̀ ní ṣóńṣó. Ó ní, "Àgbò." Bàbá àgbà ní àwọn tó kù ńkọ́? "Kì í ṣe àgbò." A tẹnu mọ́ ọn, ló bá figbe ta.

Àwọn kan rò pé ọmọ tó ní autism ò rí nǹkan dáadáa. Irọ́ ni, Sàlíù tiwa ń rí i jù wá lọ. Àwa a ti kó ẹran tó jọra sábẹ́ orúkọ kan kí a tó mọ̀. Lójú tiẹ̀, etí tó ya yẹn wà lára orúkọ.

Àwọn olùwádìí méjì, Klinger àti Dawson, dán irú ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 2001. Ẹranko tí kò sí láyé ni wọ́n fi han àwọn ọmọ tó ní autism. Tí òfin kan bá wà tí wọ́n lè fi dá a mọ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n wo púpọ̀ kí wọ́n fúnra wọn mọ bí irú ẹran yẹn ṣe sábà máa ń rí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. (Ní 2005, Molesworth àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí àwọn ọmọ tó ṣe é láìsí wàhálà, nítorí náà ẹ má fi tèmi díwọ̀n tiyín.) Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní autism, sọ pé ní kékeré, ìtóbi lòun fi ń mọ ajá yàtọ̀ sí ológbò, títí aládùúgbò wọn fi ra ajá kúkúrú. Ló bá yí sí imú.

Mo jí ọgbọ́n yẹn lò. Mo ní kó wo ìrù: tó bá rọ̀ sílẹ̀, àgùntàn, tó bá nà sókè, ewúrẹ́. Ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Àfi ìgbà tí a dé ọjà Ìpàta, tí òbúkọ kan tí ara ẹ̀ ò yá rọ ìrù sílẹ̀. Sàlíù ní àgùntàn ni, ó ń bá ẹlẹ́ran jà sí i. Ẹ̀rín pa mí, ẹlẹ́ran ò rẹ́rìn-ín o.

Ẹ kó ife ike, ti irin, ti gíláàsì jọ, ẹ bu omi sí gbogbo ẹ̀, kí Tóbi fi ọ̀kọ̀ọ̀kan mu.

Màmá Tóbi, Ọ̀fà:
Ẹ ṣé, Ìyá Sàlíù. A ṣe é lálẹ́ àná. Ó gba ti ike, ó gba ti irin ní ife. Ti gíláàsì, ó mu omi inú ẹ̀ tán, ó gbé e sójú, ó wò mí látinú ẹ̀, ó ní, "Fèrèsé." Ẹ bá mi wá òfin tìyẹn.