Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ọmọ mi ti tó jókòó sórí póò?

Ìyá Àyìnkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá wa. Àyìnkẹ́ pé oṣù 20 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀yọ́, ní kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí àwọn bí tó lo ìlédìí kọjá ọdún kan. Mo ra póò, mo sì ń gbé e kalẹ̀ lórí rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n yóò jókòó títí láìṣe nǹkan kan. Bí mo bá ti gbé e dìde ni yóò tọ̀ sórí ẹní. Lánàá, mo jágbe mọ́ ọn, ó sì sunkún títí ó fi sùn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Kí ni mo lè máa wò lára rẹ̀ tí n ó fi mọ̀ pé àkókò ti tó?

Ìyá Ìbejì, Tákíé:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Màmá kò parọ́. Ìyá tèmi náà a máa jókòó sórí àpótí láàárọ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ọmọ oṣù mélòó kan lé e, ọmọ á sì yàgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ló mọ àkókò nígbà náà, kì í ṣe ọmọ. Ohun tí ẹ ń wá ni kí Àyìnkẹ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìtọ̀ ń bọ̀, kí ó mú un mọ́ra díẹ̀, kí ó sì wá sọ. Bí ìlédìí rẹ̀ bá ń gbẹ fún bíi wákàtí 2, tàbí tí ó jí lójú oorun ọ̀sán láìtọ̀, ó ti ń sún mọ́ ọn nìyẹn.

Ẹ máa wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n Táyé mi, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń lọ, á di aṣọ ìkélé mú, á sì dákẹ́ lójijì. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yẹn gan-an ni mo gbé póò sí. Oṣù márùn-ún kọjá kí Kẹ́hìndé tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni mo bí àwọn méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Láàárín oṣù 18 sí ọdún 3 ni àwọn àmì yìí máa ń hàn lára ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí náà Àyìnkẹ́ kò tíì pẹ́ rárá. Ẹ wò ó bóyá ó lè fa pátá rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ó ń jẹ́ iṣẹ́ kékeré tí ẹ bá rán an, àti bóyá ara ń ni ín bí ìlédìí bá ti tutù. Ti òru ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ọdún 5 kan ṣì wà tí wọ́n ń tọ̀ sílé.

Ìgbẹ́ líle ló ń kọ mí lóminú jù. Bí ó bá dun ọmọ lẹ́ẹ̀kan, yóò máa mú un mọ́ra, èyí yóò sì túbọ̀ mú kí ó le. Ẹ máa fún un ní omi dáadáa, àti ìbẹ́pẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jágbe mọ́ ọn mọ́, nítorí pé ìbẹ̀rù náà ń mú kí ọmọ máa mú ìgbẹ́ mọ́ra.

Ìyá Àyìnkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin màmá mi. Nígbà tí ó jí lọ́sàn-án òní, mo fọwọ́ kan ìlédìí rẹ̀, ó tutù rinrin. Mo ti gbé póò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.