Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra tẹlifíṣọ̀n HD (èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere ju ti àtijọ́ lọ) fún bàbá mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí la wà. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí bàbá mi ń wò ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kì í rí iye góòlù tí wọ́n kọ sígun ojú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ni ayọ̀ wọn.

Ìlà ló para pọ̀ di àwòrán tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe lè mọ́ tó. Ìlà 1080 ni HD tó péye ní. Ti àtijọ́ ò ju 576 lọ. Ṣùgbọ́n tí díkódà ò bá gbé HD wá, àwòrán ò ní mọ́ sí i. Owó díkódà tuntun tún nìyẹn, àti ti oṣooṣù! Ọ̀ọ́kán ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Ṣé HD ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́, àbí kí n kàn ra èyí tó fẹ̀?