Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé entanglement fún àwọn ọmọ SS3?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Òṣogbo. Àtìgbà tí ọ̀kan nínú wọn ti ka nǹkan nípa quantum entanglement lórí fóònù (pé èsì tí a rí bí a bá wọn ohun tíntìntín méjì tó so pọ̀ máa ń bára mu, bí wọ́n tiẹ̀ jìnnà síra), wọn ò jẹ́ kí n rímú mí.

Bàtà ni mo fi ṣàlàyé: mo di ẹsẹ̀ kan sínú páálí ránṣẹ́ sí Ìkìrun, mo di èkejì ránṣẹ́ sí Ìwó. Ẹni tó rí ọ̀tún ní Ìkìrun ti mọ̀ pé òsì ló wà ní Ìwó. Ó dùn létí, àmọ́ kò tó. Ọ̀tún ti jẹ́ ọ̀tún kí a tó ṣí páálí. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Einstein àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbè lẹ́yìn lọ́dún 1935. Ní 1964, onímọ̀ físíìsì John Bell fi ìṣirò hàn pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan kò sì lè kan èkejì lára láti òkèèrè, ààlà wà tí ìbáramu èsì wọn kò lè kọjá. Wọ́n dán an wò, ó kọjá! Aspect, Clauser àti Zeilinger gba ẹ̀bùn Nobel ti 2022 lórí irú iṣẹ́ yìí.

Báwo ni mo ṣe lè fi ìṣirò Bell hàn wọ́n láìlo ìṣirò yunifásítì? Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ náà sì takú pé òun á fi entanglement ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ní Lọ́ńdọ̀nù láìra dátà (ọmọ yìí á ṣòwò lọ́la). Mo ní èsì ẹnì kọ̀ọ̀kan kàn ń bọ́ sí bó ṣe wù ú ni, àfi tí wọ́n bá pera wọn fi wéra. Kò gbà. Kí ni kí n sọ fún un?