Ìwé ẹ̀mí èṣù kan gba oorun lójú mi: ẹ wá sọ tiyín

Àṣákẹ́ Òǹkàwé: Ẹ kú ìkàwé o. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ṣí ìwé kan, ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó pa á dé. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan ló bá ẹ̀mí èṣù dá májẹ̀mú kí àbúrò rẹ̀ má bàa kú. Ìgbàkígbà tó bá pe ọfọ̀, ẹ̀mí èṣù náà á jẹ nǹkan kan nínú ìrántí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tó yá, ó jẹ ohùn bàbá rẹ̀. Ìwé ọ̀dọ́ ni wọ́n pè é o, èmi sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ohùn bàbá yẹn, ńṣe ni mo dìde lọ mumi. Irú ìwé wo ló ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí?

Tètèsùn: Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń sùn ní tèmi. Ẹ kú iṣẹ́.

Ọdẹ Òru: Èmi ń ka tèmi sókè fún àbúrò mi ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀dá inú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe pè é lẹ́ẹ̀kẹta báyìí, afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn dé, gbàgà! Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo ti bá ọmọ náà. Èmi gan-an ò rẹ́rìn-ín o, ẹ má tàn ara yín.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà náà. Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní ọ̀kan tí wọ́n ya ẹ̀dá oníwo sí iwájú rẹ̀. Mo fi bébà bò ó, mo kọ "Ìṣirò" gàdàgbà sí i. Abẹ́ aṣọ ìbora ni mo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Àfi bí màmá mi ṣe wọlé láìkanlẹ̀kùn. Wọ́n ní ta ló ń ṣe ìṣirò láàárín òru? Wọ́n ya bébà, ìwo yọ. Ẹ ò bá gbọ́ àdúrà! Wọ́n gbé ìwé lọ, wọ́n ní àwọn máa sun ún. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ aṣọ wọn, mo bá ìwé mi níbẹ̀. Ojú ìwé 88 ni mo kà dé kí wọ́n tó gbà á. Ìkótí màmá mi wà ní ojú ìwé 212.

Ọdẹ Òru: 212! Màmá ti fi yín sílẹ̀ lọ!

Aláròyé: Irọ́ rèé. Ta ló ń rántí ojú ìwé láti ọmọ ọdún 14?

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Àṣákẹ́ Òǹkàwé: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n kà á parí?

Ìyá Ìbejì: Wọn ò sọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ká aṣọ, wọ́n kàn ṣàdédé ní, "Ọmọkùnrin oníwo yẹn, kò yẹ kí wọ́n pa á." Mo ń ká aṣọ tèmi lọ.

Kékeré Ìwé: Mo ti kú 😂😂

Ọmọ Àkàgbádùn: Ẹ dákun, ẹ yé pè é ní ẹ̀mí èṣù. A ní iwin, a ní ànjọ̀nú, a ní ẹbọra. Nígbà tí Ṣóyínká ń túmọ̀ ìwé Fágúnwà ti 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968, kò kọ "demon". "Daemon" ló kọ, ó sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé ìyẹn ló sún mọ́ imọlẹ̀ jù.

Aláròyé: Èṣù fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe Sàtánì. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ló pè é bẹ́ẹ̀.

Kékeré Ìwé: Ó tún ti dé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà lẹ sọ ọ́.

Àṣákẹ́ Òǹkàwé: Mo ti gbọ́, ànjọ̀nú ni. Àmọ́ ẹ̀dá inú ìwé mi ń jẹ ìrántí ọmọ ọlọ́mọ o, ẹ má fi orúkọ dáadáa bo ìwà rẹ̀.

Adúnní: Ohun tó ń bí mi nínú ni ti ìfẹ́ inú wọn. Ànjọ̀nú á ti lo 400 ọdún láyé, kò ní rí ẹni tí yóò fẹ́ràn àfi ọmọ ọdún 17. Kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ?

Kékeré Ìwé: Ó lẹ́wà, ó ń gbọ́ràn, ó lè fò. Kí lẹ tún ń wá?

Adúnní: Kó wá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tètèsùn: Aago méjì òru ti lù. Mo wá ìwé Àṣákẹ́ kàn, mo ti dé ibi ọjọ́ ìbí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ bó ṣe parí fún mi.

Aláròyé: Àbúrò yẹn kú.

Àṣákẹ́ Òǹkàwé: ALÁRÒYÉ!

Aláròyé: Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò tíì kà á.