Thomas Day, káfíńtà aláwọ̀ dúdú ní North Carolina: ṣé òótọ́ ni pé ó ní ẹrú?

Arẹwà Àtẹ̀gùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ igi. Mo rí àwòrán àtẹ̀gùn kan tí Thomas Day ṣe kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ́ sílẹ̀. Báwo ni aláwọ̀ dúdú ṣe rí ṣọ́ọ̀bù dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ra èèyàn bí ẹrù? Wọ́n tún ní òun náà ní ẹrú. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Onífàági: Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí láti kọ ọ́, torí iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, mo sì fẹ́ràn ọwọ́ ọkùnrin náà gan-an.

Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1801, káfíńtà ni baba rẹ̀. Ìlú Milton ní North Carolina ló wá fìdí kalẹ̀ sí. Ní 1830 ó fẹ́ Aquilla Wilson, ará Virginia, àmọ́ òfin North Carolina kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tó dòmìnira ṣí wọ ìpínlẹ̀ náà. Day bá ní òun á kó lọ. Ni aláwọ̀ funfun 61 bá fọwọ́ síwèé bẹ ilé aṣòfin, wọ́n sì gba ìyàwó láyè. Lójú tèmi, àga ló gbà á sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ yẹn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ tún àwòrán yẹn wò, ní òpó ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Òpó tí ẹlòmíì á gbẹ́ róbótó, Day tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí lẹ́tà S, ó wá ká orí rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó bá ti fi ayùn tọ ìlà tó tẹ̀ rí mọ̀ pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, igi ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní 1848 ó ra ilé tí wọ́n ń pè ní Union Tavern, ó sọ ọ́ di ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó fi máa di 1850, kò sí ṣọ́ọ̀bù àga tó tó tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ẹrú wà lára àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní gbèjà ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Ẹ fi kún un pé John, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ sí Làìbéríà, ó sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira ibẹ̀ ní 1847. Thomas Day fúnra rẹ̀ rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní Massachusetts, níbi tí kò ti sí ẹrú.

Arẹwà Àtẹ̀gùn: Kí ló wá gbẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà?

Ọmọ Onífàági: Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1857, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́dún kejì. Ilé náà ṣì wà ní Milton. Iná jó o ní 1989, wọ́n sì ti tún un kọ́.