Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 4 lórí ìpọ́njú fún ìpàdé ilé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

OlóríÌpàdé_ÒkèÀró
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ 4 yẹ ohun tí Bíbélì sọ wò nípa ìpọ́njú àti ohun tó ń bá ènìyàn lójijì. Ìṣẹ́jú 60 ni ìpàdé wa ní Àkúrẹ́ níbí, ènìyàn 12 sí 15 ló ń wá. A rí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú wọn, a rí ẹni tí òjò ba kòkó rẹ̀ jẹ́ lọ́nà Ìdànrè, a sì rí àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ní yunifásítì FUTA tí iṣẹ́ kò tíì yọjú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti délẹ̀, àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, àwọn kan á ní ọ̀tá ilé ni, àwọn yòókù á ní "á dáa lórúkọ Jésù". Ẹni tó ń sunkún á nu ojú, á dákẹ́. Báwo la ṣe lè kọ́ wọn tí a ò ní purọ́ fún wọn, tí a ò sì ní gba ìrètí lọ́wọ́ wọn?

Olùkọ́_Alágbàkà
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Róòmù 8:28 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn "ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere fún àwọn tó fẹ́ Ọlọ́run". Òtítọ́ ni, àmọ́ bí òun bá ló ṣáájú, ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ fi dí. Orí 8 yẹn gan-an, ìkérora ló kọ́kọ́ sọ: ẹsẹ 22, gbogbo ẹ̀dá ń kérora, ẹsẹ 23, àwa náà ń kérora, ẹsẹ 26, Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí ẹnu kò lè sọ. Ẹni tó bá fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé 28 ti gé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù láàrín.

Sáàmù 13 ni kí ẹ mú. Ẹsẹ 6 péré ni. Ẹsẹ 1 àti 2 jẹ́ ẹjọ́: "yóò ti pẹ́ tó" lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ 3 àti 4 ni ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ 5 àti 6 ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pín bébà, kí kálukú kọ gbólóhùn 2 fún ẹjọ́ tirẹ̀, 1 fún ẹ̀bẹ̀, 1 fún ìgbẹ́kẹ̀lé. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ má fi dandan mú ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ síta. Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni pé olórí a kánjú dé ẹsẹ 5, torí ẹkún ń dẹ́rù bà á. Ẹ fara balẹ̀ ní ẹsẹ 1 àti 2. Bí ẹnì kan kò bá rí nǹkan kọ sí ti ìgbẹ́kẹ̀lé, kó fi àyè sílẹ̀. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn láìsí ìyìn kankan nípẹ̀kun rẹ̀, ó sì wà nínú Bíbélì. Ẹ fi ìyẹn ṣe ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọmọ_Ìjọ_Ọ̀wọ̀
Mo fara mọ́ Olùkọ́ lórí Sáàmù 13, àmọ́ 88 ti yá jù fún ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kọ́kọ́ yanjú "ta ló ṣẹ̀", torí ìbéèrè yẹn ló ń da ìpàdé rú. Lúùkù 13:1-5: wọ́n sọ fún Jésù nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa níbi tí wọ́n ti ń rúbọ, òun fúnra rẹ̀ fi àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù kún un. Ìpànìyàn ni ti àkọ́kọ́, jàǹbá ni èkejì. Lórí méjèèjì, ó ní rárá, wọn kò ju àwọn yòókù lọ ní ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, a mọ ohun tí ẹsẹ yìí ń sọ: Ọ̀wọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn nínú ilé ìsìn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó kú níbẹ̀, Jésù ti dá a lóhùn. Ẹ má sì fo ẹsẹ 3 àti 5, níbi tó ti ní kí àwa tí a kù láàyè ronú pìwà dà.

Jóòbù ló kàn. Ẹ má ka gbogbo orí 42 tó wà nínú ìwé náà. Orí 1 sí 3, 38, àti 42:7-9 tó. Ọjọ́ 7 àti òru 7 ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ṣì í sọ. Títí ìwé náà fi parí, a kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Ọlọ́run àti Sátánì ní orí 1 fún Jóòbù. Àwa tí a ń kà á la mọ̀.

Ní ti ọ̀tá ilé, ẹ má bá wọn jiyàn pé Sátánì kò sí. Ẹ bi wọ́n pé, ta ni Jóòbù gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá? Ọlọ́run ni, kì í ṣe Sátánì. Ẹ̀sùn ọ̀tá ilé sábà máa ń bọ́ sọ́rùn ìyá àgbà kan nínú ẹbí, ó sì ń tú ilé.

Àgbẹ̀_Owena
Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀kọ́ ká káwọ́ gbera. Ohun tí Jákọ́bù 4:13-16 bá wí ni ìṣògo. "Bí Olúwa bá fẹ́" ló kọ́kọ́ wá, "a ó sì ṣe èyí tàbí èyíinì" tẹ̀ lé e; iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Oníwàásù 11:2 ní kí o pín ohun tí o ní fún 7, àní fún 8, torí o kò mọ aburú tí yóò dé. Ẹni tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí kálukú fa ìlà sáàárín bébà. Apá kan: ohun tó wà níkàáwọ́ mi. Apá kejì: ohun tí kò sí níkàáwọ́ mi. Òjò wà lápá kejì. Àmọ́ nínú òjò, nígbà tí èso kòkó ń di dúdú tó ń rà, gígé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kíká èso tó ti rà kúrò nínú oko, fífọ́n oògùn tó ní bàbà nínú ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra, apá kìíní ni gbogbo wọn. Bí a bá fi èso tó rà sílẹ̀ lórí igi, àrùn náà á máa ràn mọ́ èyí tó dáa, a ó sì máa fi àwẹ̀ lé ohun tí àdá lè ṣe. Ìyẹn náà ni ti ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́: ìwé ìwáṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Hábákúkù 3:17-18 ni kí ẹ fi parí ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ó dárúkọ ohun 6 tó lè kùnà, láti orí igi ọ̀pọ̀tọ́ dé màlúù ní ibùjẹ, kó tó ní òun yóò yọ̀. Kí wọ́n fi kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti owó oṣù sípò wọn, kí wọ́n tó ka ẹsẹ 18.

OlóríÌpàdé_ÒkèÀró
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sábà wá sí ìpàdé o. Kí ni ká gbé lọ bá a?

ÌyáÌjọ_Oǹdó
Oúnjẹ ni, ọmọ mi. Èrò máa ń pọ̀ títí di ìsìn ìdúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ilé máa ń dá. Ẹ yan ènìyàn 2 fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ má bi í pé "kí lẹ fẹ́ ká ṣe?", ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò lè ronú ìyẹn. Ẹ sọ pé "lọ́jọ́ Tuesday, a ó gbé ọbẹ̀ wá, a ó sì fọ aṣọ àwọn ọmọ." Ìṣẹ́jú 30 tó fún ìbẹ̀wò. "Ẹ kú ìrọ́jú" tó fún ìkíni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ orin ayọ̀ láti fi mú un lára yá. Òwe 25:20 kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Kí ẹ pe orúkọ olóògbé, ẹ má sá fún un.

Ẹ wò ó bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé tàbí tí wọ́n ń sọ pé ìgbàgbọ́ tó. Bí kò bá rí oorun sùn tàbí oúnjẹ jẹ dáadáa fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ bá a dé ilé ìwòsàn. Ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní Àkúrẹ́, ó sì wà ní Oǹdó. Bó bá ń sọ pé òun náà fẹ́ kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí ẹnì kan kọ ọjọ́ tí olóògbé kú sínú fóònù rẹ̀. Bí ọdún bá yí po, kó pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà.