Orísun «exclude», «preclude» àti «prevent»

Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Kàbà. Mo mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ Látìn «claudere», èyí tí í ṣe kí a ti nǹkan pa, ni «exclude» àti «preclude» ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni «prevent», nítorí pé nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ní Tẹsalóníkà Kìíní 4:15, ṣíṣáájú ẹlòmíràn ni ó túmọ̀ sí. Báwo ni ó ṣe wá di dídènà? Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sì kọ ọ́ pé òjò «preclude» àwọn láti lọ sí oko iṣu; ǹjẹ́ ó tọ́, àbí «prevent» ni kí n fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.